Màmá Fèrè Kò Tẹ̀ka fún Ẹnikẹ́ni

Wọ́n fi ìtẹ̀ka ìyá ìyá mi ti pápá ìṣeré kílóòsì wa pa, bẹ́ẹ̀ ìyá ìyá mi kò tẹ̀ka fún ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo rí i. Mo ń dá àga tí a yá padà fún àwọn aládùúgbò, ni mo bá rí géètì onírin tuntun lẹ́nu pápá náà, àti àgádágodo tó tó ìkúùkù ọmọdé. Wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé bébà kan, wọ́n so ó mọ́ géètì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ àwọn olùgbé kílóòsì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà sórí ilẹ̀ náà, àti pé ìyá tó ń lo ilẹ̀ náà fún eré ti gbà bẹ́ẹ̀ tinútinú kó tó dágbére fáyé. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà ni ìtẹ̀ka kan wà, ó dúdú, ó sì rí bọrọgidi bí kóró àgbálùmọ̀.

Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé kan jẹ́ òótọ́, kí a kọ́kọ́ wádìí irú ẹni tí wọ́n ní ó ni ín. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. N kò ní ka ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbí títí dé ikú. Wọ́n ti ka ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ti ṣe àmín. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò, nítorí èmi fúnra mi kò tíì wò ó tán.

Màmá Fèrè ni gbogbo kílóòsì ń pè é. Ó kúrú, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó ti pẹ́ dé ibi tó ń lọ. Fèrè onírin, irú èyí tí rẹfirí ń lò, kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ aṣọ. Tàípíìsì ló jẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó gbọ́njú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi àti ìyá mi sì ń gbé ní Festac, níbi tí wọ́n ti ń pe òpópónà kékeré tí kò já síbì kan ní kílóòsì.

Yàtọ̀ sí ìgbà ọdún, Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni ọjọ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìmọ́tótó àyíká ni gbogbo Èkó ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í sì gbé mọ́tò jáde títí aago mẹ́wàá. Màmá ṣàkíyèsí pé ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn nínú oṣù tí gbogbo ọkùnrin kílóòsì máa ń wà nílé pa pọ̀, tí aṣọ wọn sì ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀. Bí aago bá ṣe ń lu mẹ́wàá, tí ẹnì kan ti ń nu gíláàsì mọ́tò rẹ̀ pé òun fẹ́ yọ lọ, Màmá ti dúró sí àárín pápá, ó ti fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. A ó fò nínú àpò ìrẹsì. A ó fa okùn. A ó sá yí àga ká, a ó dúró bí ère, a ó ṣe bojúbojú. Kì í gbà kí àgbàlagbà dúró wòran. Bí ọmọ bá wọ àpò, bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ tirẹ̀.

Àwọn tó ń fi ṣíbí sáré kì í gbé ẹyin, ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó tuntun kan rí i nínú tẹlifíṣàn pé ẹyin ló yẹ, ó sì kó mẹ́fà wá. Màmá gbà á, ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n lọ sè é, ó pín in fún àwọn tó kéré jù, ó sì tún mú ọsàn wẹ́wẹ́ jáde. Ó wá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, “Ìyàwó, bí èyí bá ṣubú, a ó fọ̀ ọ́. Bí tìrẹ bá fọ́, ọmọ wo la ó ní kó má jẹ?”

Òfin kan wà níbẹ̀ tí n kò rí níbòmíràn rí. Mo ti lọ sí ọjọ́ìbí ọmọdé káàkiri Àmúwò. Níbẹ̀, ọmọ tí kò bá rí àga jókòó lé ti jáde nìyẹn, yóò lọ fara ti ògiri, yóò máa sunkún. Lọ́dọ̀ Màmá, ẹni tó bá jáde ló ń di adájọ́. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lábẹ́ igi furúùtù, ibẹ̀ ni yóò lọ jókòó, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣọ́ ẹni tó bá ń ṣe màgòmágó. Bí eré ṣe ń lọ, àwọn tó ń ṣe é ń dín, àwọn tó ń ṣọ́ wọn ń pọ̀ sí i, títí yóò fi ku ẹnì kan tí ojú gbogbo kílóòsì wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni olórí adájọ́, nítorí òun ló pẹ́ jù lórí bẹ́ǹṣì.

Mo bi í léèrè ibi tó ti rí òfin yìí. Ó ní ọmọ tí a bá lé jáde tí a kò fún níṣẹ́, òkúta tí yóò jù ló máa wá. Mo gbà. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi sọ fún mi pé ohun tí Màmá wí fún òun ni pé láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó bi òun léèrè ohunkóhun mọ́ ní ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ ibi tí gbogbo fáìlì wà. Ìyá Múìnátù, tó ń gbé òdìkejì wa, ní rárá o, ojú Màmá ni kò ríran jìnnà mọ́, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a wò. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá a, mo ní kó yan èyí tó jẹ́ òótọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìdí kan ṣoṣo ni ìwọ fi ń jẹun?”

Ọkọ Ìyá Múìnátù ni Àlàájì Gàníyù, tó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní àdúgbò Sátẹ́láìtì. Òun ló kọ́kọ́ ra fóònù alágbèéká ní kílóòsì wa, nígbà tí èèyàn ṣì ń ronú owó kó tó pe ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì Ìtúnu Ààwẹ̀ kan, a ń dúró bí ère. Màmá fọn fèrè, Àlàájì dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè bí ẹni tó fẹ́ já máńgòrò. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò rẹ̀. Kò mira. Ìyàwó rẹ̀ ń pariwo pé bóyá àwọn tó ń já ọjà ni. Àlàájì kò ṣẹ́jú. Fóònù dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ lórí bẹ́ǹṣì ló rí i pé àbúrò Àlàájì, tó ti jáde ṣáájú, tó sì jẹ́ adájọ́ bíi tiwọn, ló tọwọ́ bọ àpò tó ń tẹ fóònù ẹlòmíràn tó yá, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ṣubú. Ẹjọ́ di ńlá. Àbúrò ní adájọ́ ni òun, òun kò sí nínú eré mọ́, ta ló fẹ́ mú òun? Wọ́n ní kó lọ fọ gbogbo ṣíbí. Ó wo Màmá pé kó gba òun, Màmá sì ń wo ojú ọ̀run. “Má wò mí,” ni ó wí fún un, “adájọ́ náà ní adájọ́.”

Màmá kì í ṣe áńgẹ́lì. Mo fẹ́ sọ èyí kedere kí ẹnikẹ́ni má bàa bá mi sọ ọ́. Inú máa ń bí i, ó sì máa ń pẹ́ nínú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Abúlé Adó wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ wa, ó bojú nínú bojúbojú, ó sì ń yọjú láàárín ìka. Wọ́n mú un, ó ní irọ́ ni. Ọdún méjì gbáko ni Màmá kò fi dé Abúlé Adó. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí àbúrò náà dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, tó kọ̀ láti wọlé, tó sọ pé òun yọjú lóòótọ́, ni ó tó gbá a mọ́ra. Mo ní ṣé yíyọjú nínú eré ló tó bẹ́ẹ̀? Ó ní, “Yíyọjú kọ́. Mo ti dárí ìyẹn jì í lọ́jọ́ náà gan-an.”

Ó jà pẹ̀lú Alága ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ju ẹnikẹ́ni lọ. Alága fẹ́ràn aṣọ funfun, kò sì fẹ́ràn ariwo. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé ilẹ̀ tó dára bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa ṣòfò. Màmá a ní ìdí tí ilẹ̀ náà fi dára ni pé a kò tíì kọ́ nǹkan sí i. Wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Kérésì kan, àwọn ìyàwó kílóòsì bẹ Alága, ó wọ àpò ìrẹsì lórí aṣọ funfun, ó fò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣubú. A rẹ́rìn-ín, bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Wọ́n ṣí àyè fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó bá ti ilé rẹ̀ lọ, kò sì tún dé pápá mọ́. Nínú gbogbo ọdún tí a fi ṣeré níbẹ̀, òun nìkan ló jáde tó sì lọ sílé. Ẹ̀rín wa ti kú tán kí Màmá tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹni tí kò lè jókòó ti ìṣubú ara rẹ̀, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó gbé ti ẹlòmíràn fún un.”

Nípa ìtẹ̀ka: ìyá tí mo ń sọ yìí lọ sí báńkì nígbà tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Èmi ló mú un lọ. Ọmọkùnrin kan wò ó láti òkè délẹ̀, ó rí ìró àti gèlè, kò bi í léèrè, ó kàn ti páàdì tàdáwà síwájú rẹ̀. Màmá ti páàdì náà padà. Ọmọ náà ní, “Màmá, ẹ má ṣe ìyọnu, ìka yín nìkan la fẹ́.” Màmá béèrè gègé. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà tó so mọ́ra, ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó wá na ìka rẹ̀ sí ọmọ náà, ó ní, “Ìka yìí ti tẹ lẹ́tà fún ọ̀gá mẹ́sàn-án. Kò ní tẹ tàdáwà fún ẹ.”

Mo dé ibi tó nira fún mi láti kọ báyìí, nítorí èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, mo sì ti borí nínú eré àga lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀léra. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n: a ó máa sáré yí àwọn àga ká, tí fèrè bá dún, kí oníkálukú jókòó, ẹni tí kò bá rí àga ti jáde. Ẹ̀bùn mi wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù ní pálọ̀: agolo bisikíìtì, agbòòrùn, àpótí pẹ́ńsùlù, àti jọ́ọ̀gì ike aláràbarà kan tí ìyá mi ń tọ́jú omi sí. Ní Sátidé ìmọ́tótó kan, ó ku èmi àti Bọ̀dá Fẹ́mi, ọkọ ìyàwó tuntun tó kó ẹyin wá. Fèrè dún, mo jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ni Múìnátù nawọ́ sókè lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ ọdún méje ni. Òun ló kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ náà, òun sì ni olórí adájọ́.

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ìgbàkígbà tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ bá ti dé iwájú àga ni ẹ máa ń fọn fèrè.”

Ìyá rẹ̀ gbá a létí, ó bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Màmá pé ọmọdé ni, kó má bínú. Màmá ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni. Múìnátù ṣí ọwọ́ rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, ó ti ń kó o jọ láti ìgbà tó ti jókòó.

“Márùn-ún, Màmá. Márùn-ún nínú méje.”

Màmá yíjú wò mí. Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ìgbà kejì tí mo borí. Mo máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ bí mo bá dé iwájú àga, nítorí mo mọ̀ pé yóò fọn ún. Bóyá òun pàápàá kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò lè sọ. Mo ti ro ó títí. Ohun tó dá mi lójú ni pé ó lè rẹ́rìn-ín, ó lè ní ojú ló tan ọmọ náà, gbogbo èèyàn ì bá gbà á gbọ́, Múìnátù ì bá sì jìyà rẹ̀. Ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó fi kọ́ ọmọ náà lọ́rùn, ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́: “Òótọ́ ló wí. Mo ti jáde.” Ó lọ jókòó sí òpin bẹ́ǹṣì.

Oṣù mẹ́jọ ni Múìnátù fi fọn fèrè. Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì bí adájọ́ tuntun, kò dá sí i, títí àwọn ọmọ fúnra wọn fi lọ pè é padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Múìnátù sọ̀rọ̀ gan-an, Màmá kó àwọn ẹ̀bùn mi lé mi lórí, a lọ láti ilé dé ilé láti pín wọn fún àwọn tó bá mi kù kẹ́yìn. Bọ̀dá Fẹ́mi kò fẹ́ gba agbòòrùn, ó ní eré ni. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi gbà á. Mo ń sunkún lójú ọ̀nà, mo ní ó dójú tì mí, mo ní òun ló fọn fèrè, èmi kọ́. Kò pa mí lẹ́nu mọ́. Ìgbà tí a dé ilé ló sọ pé, “Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá bá ẹ bò ó lónìí, lọ́la ìwọ náà á bá ẹlòmíràn bò ó lé mi lórí.”

Ẹni tí wọ́n ní ó tẹ̀ka nìyẹn. Ká ní ó yí ọkàn padà lóòótọ́, tó gbà kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù, yóò ti dúró sí àárín pápá ní Sátidé ìmọ́tótó, yóò fọn fèrè, yóò sì sọ ọ́ lójú gbogbo wa, kódà bí a ó bá bú u. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó sọ fún èmi, fún ìyá mi, tàbí fún àbúrò rẹ̀ tó ń wá kí i láti Abúlé Adó lójoojúmọ́ nígbà àìsàn rẹ̀.

Mo mú bébà náà lọ bá ìyá mi. Kò tíì kà á tán tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá sọ ohun tí kò kà sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ló dá Màmá dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì kó tó kú. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà náà, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kò mọ ẹni tó wọlé tàbí ẹni tó jáde. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, Alága wá kí i, òun àti akọ̀wé ẹgbẹ́, àti ọkùnrin kan tó gbé báàgì aláwọ, tí wọn kò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kó ọsàn wá. Inú ìyá mi dùn pé Alága gbé ìjà tì. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó lọ ra ẹlẹ́rìndòdò fún wọn ní ìkóríta. Ìgbà tó padà, wọ́n ti dìde, wọn kò sì mu ún. Nígbà tó ń wẹ̀ fún Màmá ní ìrọ̀lẹ́, ó rí dúdú lára àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó rò pé dúdú ìkòkò ni, bí ẹni pé ẹni tó ti dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì lè fọwọ́ kan ìkòkò. Ó fi kàìnkàìn fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́.

Ìyá mi kò sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní òun ló fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá, òun ló sì fọ ẹ̀rí nù. N kò gbà. Ẹni tó lọ ra ohun mímu fún àlejò kò jẹ̀bi.

Nítorí náà, Alága, ẹ̀yin àti akọ̀wé yín ni mo ń bá wí, ìdáhùn ni mo sì ń fẹ́, ní kíkọ, kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìpàdé wo ni ẹ ti pinnu pé kí ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwọn wo ló sì wà níbẹ̀? Nínú ilé méjìlá tó wà ní kílóòsì yìí, mo ti kan ilẹ̀kùn mọ́kànlá, kò sí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ilé kejìlá ni èyí tí ẹ̀yin àti akọ̀wé yín jọ ń gbé. Ta ni ọkùnrin tó gbé báàgì? Ta ló ka bébà náà fún Màmá, èdè wo ló fi kà á, kí sì ni Màmá fi dá a lóhùn? Èé ṣe tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ rẹ̀ jáde nínú yàrá ni ẹ mú bébà náà jáde? Kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn, ọwọ́ ta ló wà?

Apá ọ̀tún Màmá ti kú ṣáájú rẹ̀ ní oṣù méjì. Dókítà mọ̀, ẹ̀yin náà sì fojú yín rí i. Ta ló gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè?